GTA mẹ́ta orí PS2 (III, Vice City, San Andreas): bí ẹ ṣe lè kó gbogbo nǹkan 450 tí wọ́n fi pamọ́ sínú wọn pé láì ku ẹyọ kan

Mo ti rí 99 rí. 99 nínú nǹkan ìpamọ́ 100, lójú TV báyìí, alẹ́ Sátidé, mo ti rin Los Santos, ìlú inú San Andreas, já, mo ti gun òrùlé, mo ti wọ ẹ̀yìn gbogbo ilé, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, mi ò sì mọ ibi tó wà. Ó dà bíi kí wọ́n gbé iyán tó ń gbóná síwájú ọmọ Èkìtì kí wọ́n wá ní ọbẹ̀ ò tíì jinná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ẹyọ kan yẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ yìí bí mo ṣe kọ ọ́, tiyín ò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ ohun tá à ń sọ. Àwa tá a dàgbà ní Adó-Èkìtì nígbà tí PS2 gbòde, géèmù háòsì la ti mọ GTA, Grand Theft Auto, géèmù mọ́tò àti ìbọn. Èyí tí mo máa ń lọ wà ní Òkèyínmi, yàrá kan, TV mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe mission, iṣẹ́ tí ìtàn géèmù ń gbé fún èèyàn. Owó yín bá ti wọlé, cheat lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀: R1, R2, L1, X, left, down, right, up, left, down, right, up, a mọ̀ ọ́n lórí ju táìmsì tébù lọ, owó á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á kún, ó di ká máa bá ọlọ́pàá sáré kiri títí àkókò á fi pé tí ẹ̀gbọ́n á ní ó yá, dìde. (Wọ́n kọ 17 sára géèmù yẹn l'Amẹ́ríkà o, àwa sì wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ẹ má jẹ́ kọ́mọ kékeré jókòó tì yín tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.) Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo fowó ara mi ra PS2 tokunbọ̀, ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ọdún yẹn, nǹkan wà nípamọ́ nínú ìlú tá à ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. GTA III tó jáde ní 2001 ní hidden package 100, ìyẹn ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ káàkiri ìlú. Vice City ti 2002 ní 100 tiẹ̀ náà, àwọn yẹn rí bí ère kékeré. San Andreas ti 2004 ló wá ya wèrè: tag 100 lára ògiri ní Los Santos, ìyẹn ìkọkúkọ tí àwọn gáǹgì ń kọ, fọ́tò 50 ní San Fierro, bàtà ẹṣin 50 ní Las Venturas, oyster 50 nísàlẹ̀ omi káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 450 ni. San Andreas tún ní ibi 70 tí wọ́n ti ń fi mọ́tò fò, ṣùgbọ́n kì í kà mọ́ 100% inú géèmù, èmi náà ò kà á mọ́ tèmi. GTA IV ní ẹyẹlé 200 tẹ́ ẹ máa yìnbọn fún lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ti kúrò ní PS2, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tí tiwọn ti le ju tiwa lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá ò pọ̀. PS2 tó ṣì ń ka díìsìkì, ẹ tan án wò fún odindi wákàtí kan níwájú ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, torí lẹ́ǹsì tó ti ń kú lọ máa ń ṣe dáadáa títí ara ẹ̀ á fi gbóná. Mẹ́mọ́rì káàdì 8MB méjì, mo tún un sọ, méjì. Ìwé olójú ewé 60 bíi èyí tá a fi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Báírò méjì, búlúù àti pupa. Àti máàpù. Géèmù original máa ń ní máàpù ńlá tí wọ́n ká sínú páálí ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rí páálí nínú wa, díìsìkì inú ọ̀rá la mọ̀, tí wọ́n fi máákà kọ "GTA SAN" sí lára. Nítorí náà ẹ wá máàpù tó ti ní nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lọ sí business centre kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta ní A3. Ẹni tó bá mi tẹ tèmi ní Ìjìgbò wò ó títí, ó ní ṣé ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà nìyí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ibẹ̀ ní omi jù.

Ẹni tó bá jẹ́ orí fóònù ló ti fẹ́ ṣe San Andreas, ó ti wà lórí Android láti 2013, nǹkan 250 kan náà ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe máa fi àtàǹpàkò lúwẹ̀ẹ́ lórí gíláàsì, ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín ni.

Máàpù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó ya máàpù kan lè pe èyí tó wà lẹ́yìn ilé kan ní 23, ẹlòmíì pe òun náà ní 61, tẹ́ ẹ bá wá ń wo ti ẹnì kan lónìí tẹ́ ẹ ń wo fídíò ẹlòmíì lọ́la, ẹ ti da ara yín láàmú nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti New Game. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ẹ ní save àtijọ́ tẹ́ ẹ ti kó mẹ́rìnlélógún níbẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ jù ú nù. Ẹ jù ú nù. Mẹ́rìnlélógún tẹ́ ẹ ò mọ èwo ni wọ́n, wàhálà tó wà nínú ẹ̀ ju èrè ẹ̀ lọ.

Ìwé yẹn wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn géèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa sọ IYE tẹ́ ẹ ti kó fún yín, wọn ò ní sọ ÈWO. Máàkì tí gbogbo èèyàn máa ń fi sórí máàpù ò tó, èmi náà fi máàkì ṣe é nígbà àkọ́kọ́ ni mo ṣe rí 99. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ fa ojú ewé sí ọ̀nà mẹ́ta: nọ́ńbà tí máàpù fún un, iye tí TV kọ nígbà tẹ́ ẹ mú un, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibẹ̀. Bí tèmi ṣe rí rèé:

14 – 14 – Idlewood, ẹ̀yìn ilé pupa
15 – 15 – Idlewood, ògiri gígùn tó kọjú sí títì
16 – ò sí – wọ́n yìnbọn, mo sá
17 – 16 – lórí òrùlé, gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. Máàpù ní 17, TV ní 16. Láti ibẹ̀ lọ, bẹ́ ẹ bá dé 40 lórí máàpù, 39 ni TV máa máa kọ, ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ gbèsè ẹyọ kan, ẹ sì mọ ilé tí gbèsè ọ̀hún ń gbé. Tó bá wá di pé lójijì máàpù wà ní 58 tí TV wà ní 56, ẹ ò ní láti yẹ gbogbo ìlú wò, ẹ kàn máa wo ẹ̀yìn nínú ìwé, ibi tí àlàfo náà ti fi ẹyọ kan gbòòrò sí i ni ẹyọ kejì ti bọ́. Àṣírí ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ẹ má kọ nọ́ńbà kejì yẹn kí TV tó kọ ọ́ o, torí ohun tó ń ṣe wá ni pé ọwọ́ máa ń yá ju ojú lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 99 tèmi nìyẹn gan-an. Mo dé Idlewood, mo gbé agolo spray sára ògiri, mo ń fọ́n ọn lọ, méjì nínú àwọn Ballas, gáǹgì ọ̀tá wa, yọ láti kọ̀rọ̀, ìbọn bẹ̀rẹ̀, mo yíjú, mo dá wọn lóhùn, ọlọ́pàá dé, mo wọ mọ́tò mo sá lọ, nínú orí mi mo ti parí tag yẹn, mo dé ibi tí mo sá sí mo fi máàkì sí i. Tag kì í kà àfi tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn tán pátápátá tí ìró dún tí iye sì hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ibòmíràn wò, mi ò yẹ ibẹ̀ wò torí ó ní máàkì, ọjọ́ tí mo kàn ń wa kẹ̀kẹ́ kọjá láìronú ni mo rí ìkọkúkọ àwọn Ballas lára ògiri yẹn bí ẹni ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kejì nínú ìwé ni ìlà pupa. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti save, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tẹ́ ẹ kọ dé. Ohun tó wà lókè ìlà ti wọ káàdì, tiyín ni. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ lọ mú un padà. Tẹ́ ẹ bá kú nínú géèmù tàbí ọlọ́pàá mú yín, ìyẹn ò kan àwọn tẹ́ ẹ ti kó, wọ́n ṣì wà, ẹ jáde ní ọsibítù kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú ló bí yín tẹ́ ẹ lọ load èyí tẹ́ ẹ save láàárọ̀, orí ìlà pupa àárọ̀ yẹn lẹ padà sí, ìwé yín ò sì ní mọ̀ tẹ́ ẹ ò bá sọ fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo pé géèmù ò ka tàwọn, ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ṣì kù. Kí n tó dé 99 yẹn rárá, mo ti kọ́kọ́ dé 71 rí, lórí káàdì míì. Mo ń save lọ́wọ́, TV ń sọ fún mi pé kí n má yọ mẹ́mọ́rì káàdì, iná lọ. Ìgbà tó dé, káàdì ṣófo, PS2 ní kí n wá format ẹ̀. Màmá wa gbọ́ igbe mi láti ilé ìdáná, wọ́n sáré wọlé, wọ́n rò pé wọ́n ti pe fóònù láti Ìkéré pé ẹnì kan kú, ìgbà tí mo ṣàlàyé tán wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní "uṣẹ́ ọ̀lẹ", wọ́n padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Ìdí tí mo ṣe ní káàdì méjì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán lálẹ́, ẹ yọ díìsìkì, ẹ tan PS2 padà, ẹ wọ Browser, ẹ mú fáìlì yẹn ní káàdì àkọ́kọ́, ẹ kọ́pì í sí ìkejì. Ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹni tó bá sì ní UPS kékeré tí wọ́n fi ń gbé kọ̀ǹpútà, kó so PS2 àti TV mọ́ ọn, kì í ṣe pé ó máa fi ta géèmù títí ilẹ̀ máa mọ́, kó ṣáà ti lè gbé save kan já.

Bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra wọn wá ńkọ́? San Andreas ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe sì ni, ó gùn jù, ó lè mú èèyàn sú. Ẹ fi Vice City bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń tètè sanwó. Gbogbo mẹ́wàá mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá kó, wọ́n máa gbé nǹkan sílẹ̀ fún yín: mẹ́wàá àkọ́kọ́ body armour (aṣọ ayẹta), 30 ìbọn Python, 60 minigun, 80 hẹlikópítà Sea Sparrow, 90 ọkọ̀ ogun Rhino ní Fort Baxter, 100 wá fún yín ní hẹlikópítà ogun Hunter pẹ̀lú $100,000. Body armour yẹn nìkan tó kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí mission tó le. Ẹ kó gbogbo ti erékùṣù àkọ́kọ́ tán ná, torí afárá tó lọ sápá kejì wà ní títì títí ẹ máa fi parí mission Phnom Penh '86. Kẹ́ ẹ sì rántí pé Tommy Vercetti, ẹni tẹ́ ẹ máa fi ta Vice City, ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa tá a dàgbà sáàárín òkè, ẹsẹ̀ kan yọ̀ létí omi, ó parí. Ibi tó bá wà létí òkun, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Mo sọnù lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó gbà.

Ó yá, San Andreas. Tag ló kọ́kọ́ wá, kì í ṣe torí pé ó rọrùn, torí pé Los Santos nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún yín ni, tẹ́ ẹ bá lọ sí San Fierro tàbí Las Venturas kí ìtàn tó gbé yín débẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin, ìyẹn ọlọ́pàá rẹpẹtẹ, ló máa ká yín mọ́ títì. Mission Tagging Up Turf, tí Sweet, ẹ̀gbọ́n CJ tẹ́ ẹ máa fi ta géèmù yìí, ti máa fi hàn yín, ló ṣí i, àwọn tẹ́ ẹ bá sì fọ́n nínú mission yẹn wà lára 100, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣirò. Ẹ parí gbogbo 100 kẹ́ ẹ tó wọ mission The Green Sabre, torí lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á ju CJ sínú igbó, ìgbà tẹ́ ẹ bá padà wá, àdúgbò yín ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ballas.

Kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wá tag, kì í ṣe mọ́tò. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ń wo títì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló ń wo ògiri. Lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má gbé agolo spray jáde ná, ẹ dúró, ẹ yí kámẹ́rà po, ẹni tó bá wọ aṣọ gáǹgì nítòsí, ẹ kọ́kọ́ yanjú ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ lọ yí ká kẹ́ ẹ padà wá. Kì í ṣe ti Ballas nìkan ló wà níbẹ̀, ti Vagos wà, ti Aztecas náà wà, mo ti rí ẹni tó fojú fo ti Aztecas torí ó ní ọ̀rẹ́ CJ ni Cesar, olórí wọn, ìyẹn ò kàn wá, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kùn. Àwọn tó wà lórí òrùlé, ẹ má wo ògiri iwájú, ẹ̀yìn ni àtẹ̀gùn máa ń wà. Ohun tó dáa nínú tag ju gbogbo yòókù lọ ni pé èyí tẹ́ ẹ ti kùn ń hàn, Grove Street, orúkọ gáǹgì CJ, á wà níbẹ̀ títí láé, nítorí náà tí ìwé bá sọnù, ẹ ṣì lè rìn ín yẹ̀ wò. Tí 100 bá pé, AK-47, Tec-9, ìbọn sawn-off àti molotov á máa dúró dè yín nílé CJ.

Fọ́tò San Fierro: ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ wo inú ẹ̀, ibi tó bá ní àmì kámẹ́rà kékeré, ẹ yà á. Ojú lásán ò lè rí i. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi pé èyí tẹ́ ẹ bá ti yà ò ní àmì mọ́, kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ bíi ti tag, ìwé nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi parí ẹ̀.

Bàtà ẹṣin, ẹ fi sùúrù dúró. Ẹ máa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé Las Venturas, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà lókè ilé téńté, ẹ máa gun nǹkan kan, ẹ máa já bọ́, ẹ tún máa gùn ún. Tẹ́ ẹ bá ti parí mission Black Project àti Green Goo, jetpack á máa wà fún yín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Verdant Meadows. Ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ fò wọ ìlú, àádọ́ta tó fẹ́ gba ọ̀sẹ̀ kan á parí láàárín alẹ́ ọjọ́ kan. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo parí WAEC lọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń kó o ni oríire CJ á máa pọ̀ sí i nínú kàsínò, tó bá wu yín kẹ́ ẹ lọ ta tẹ́tẹ́, èmi ò dá yín lọ́nà.

Oyster ló kù, òun ló sì gba èèyàn lọ́wọ́ jù. Àádọ́ta, nínú òkun, nínú odò, nínú adágún, láti ìkángun kan dé ìkejì. Ẹ̀mí inú omi lẹ máa kọ́kọ́ wá. CJ ò lè pẹ́ lábẹ́ omi níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń mòòkùn tó ni lung capacity ẹ̀ ń ga tó, oyster kọ̀ọ̀kan náà sì ń fi kún un. Èyí máa wúlò fún yín níbòmíì, torí Woozie, ọ̀rẹ́ CJ ní San Fierro, ní mission kan, Amphibious Assault, tí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tí ẹ̀mí yín nínú omi ò bá tíì gùn tó. Mo rí àwọn tó há síbẹ̀ tí wọ́n rò pé díìsìkì ló bàjẹ́. Nítorí náà láti Los Santos ni kẹ́ ẹ ti máa mú èyí tó wà ní etíkun yẹn, díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kọjá létí omi.

Ẹ ṣọ́ mítà ẹ̀mí yẹn, tó bá ku díẹ̀ ẹ jáde, ẹ má ṣagídí pé ẹ ti rí i tó ń tàn nísàlẹ̀, yóò ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá mí tán. Ẹ pín omi sí ẹkùn nínú ìwé, kẹ́ ẹ kó ẹkùn kan tán kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn, kí ẹ sì wa ọkọ̀ ojú omi láti ibì kan síkejì, torí wíwẹ̀ lásán á jẹ gbogbo ọjọ́ yín. Èmi ọmọ tó jẹ́ pé omi tí mo rí tó pọ̀ jù nígbà èwe ni Ìkọ̀gòsì lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa lọ excursion, oṣù kan ni mo fi wà lábẹ́ òkun.

GTA III ni mo ní kẹ́ ẹ fi parí, ó korò, kò sí ọ̀kadà níbẹ̀, kò sí wíwẹ̀, kò sí máàpù pàápàá tẹ́ ẹ bá tẹ pause, ràdá róbótó ìsàlẹ̀ yẹn nìkan lẹ ní. A3 tẹ́ ẹ tẹ̀ á wá di bàbá yín. Apá mẹ́ta ni ìlú ẹ̀ ní: 33 ní Portland, 36 ní Staunton Island, 31 ní Shoreside Vale, ẹ kọ ọ́ sórí ewé àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá kúrò ní Portland pẹ̀lú 32, ẹ mọ̀ pé ẹ ò tíì kúrò. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé nínú géèmù yìí ni Saint Mark's, àdúgbò kan ní Portland. Níbẹ̀rẹ̀ ìtàn, àwọn Máfíà ibẹ̀ ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ máa ré kọjá sí Staunton, Asuka, ọ̀gá obìnrin tó ń gbé iṣẹ́ fún yín níbẹ̀, á ní kẹ́ ẹ padà wá pa Salvatore, olórí Máfíà yẹn, mission náà ni Sayonara Salvatore, tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, gbogbo ọmọ ẹ̀ tó wà ní Saint Mark's á máa fi shotgun dúró dè yín, ìbọn méjì mẹ́ta mọ́tò yín ti gbiná, kẹ́ ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà Portland gbọ́dọ̀ pé 33 kẹ́ ẹ tó dá Asuka lóhùn. Mi ò mọ̀, mo jẹ méje kù níbẹ̀, mo sì san án pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan $1,000, 100 tó bá pé $1,000,000, nínú géèmù tó jẹ́ pé ìgbà yẹn ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi ra mọ́.

Cheat wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí save yìí, kódà ti ẹ̀jẹ̀. Ó níbi tó ń bà jẹ́: San Andreas ní àwọn cheat kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ wọ́n tẹ́ ẹ wá save, kò sí ọ̀nà àbáyọ, bíi èyí tó ń sọ gbogbo ìlú di rògbòdìyàn. Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀kan nínú tèmi nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì, ó save, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà títí mo fi jù ú nù, ilé ń jó, gbogbo èèyàn ń bá ara wọn jà ní gbogbo títì, èmi sì ń wá fọ́tò láàárín wọn. Ẹ ṣí save míì sílẹ̀ fún eré àti àlejò. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sára káàdì kejì, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí àbúrò yín ò ti ní rí i.

Yàtọ̀ sí fọ́tò àti bàtà ẹṣin tó máa ń yá, mẹ́wàá lálẹ́ kan tó. Tẹ́ ẹ bá kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á ti rẹ̀, ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tí TV ò tíì kọ. Oṣù méje ni mo fi ṣe tèmi, pẹ̀lú iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ iná, mo sì wà nílé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí package tó kẹ́yìn ní Shoreside wọlé, 100 nínú 100. Àbúrò mi ti sùn. Mo save, mo kọ́pì, mo fa ìlà pupa tó kẹ́yìn, mo pa TV. Ẹ ya fọ́tò TV yẹn kẹ́ ẹ tó pa á o. Èmi ò yà á, lẹ́ǹsì PS2 yẹn sì kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi ní irọ́ ni mò ń pa títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.